Ìdìbò Káńsù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìbò Mẹ́ta Lọ́wọ́ Ẹnìkan

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ fojú inú wo bébà gígùn kan. Irú ìwé ìdìbò tí wọ́n fún àwọn ará Harlow, ní Essex, nìyẹn, ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ẹ ka ohun tó wà lókè rẹ̀ dáadáa: ẹ lè dìbò fún olùdíje tí kò ju mẹ́ta lọ. Ẹnìkan, ìbò mẹ́ta. Ẹni tí kò ka ìlà yẹn, tó fa àmì kan péré, tó ká bébà rẹ̀, tó sì kọrí sílé, ìbò méjì ló fi sílẹ̀ láìmọ̀.

Gbogbo àga 33 tó wà nínú káńsù Harlow ni wọ́n dìbò fún lọ́jọ́ yẹn, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ààlà wọ́ọ̀dù pín ni. Wọ́ọ̀dù 11, káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ní 17, ẹgbẹ́ Labour ní 16. Àga kan ṣoṣo ló pín ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso níyà kúrò lára ẹgbẹ́ tó jókòó tì í. Ìdí tá a fi fẹ́ tẹ̀ lé ìbò kan lónìí nìyẹn, láti orí fọ́ọ̀mù dé orí tábìlì tí wọ́n ti ń kà á, ká sì fi gbogbo ibi tó ti lè jò dànù hàn yín.

Kí ni káńsù àgbègbè tiẹ̀ ń ṣe? Òun ló ń kó ìdọ̀tí ilé. Òun ló ni àwọn ilé káńsù. Òun ló ń pinnu bóyá ẹ lè fa yàrá jáde lẹ́yìn ilé yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìjọ wá ilé rí nílẹ̀ yìí mọ èyí tó kàn: kí ilé ìkẹ́rùsí tó lè di ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ láti yí ìlò rẹ̀ padà, ìgbìmọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀ sì lè jókòó lé e kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé ìwé, ojú títì, ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà àti ilé ìkàwé, ti káńsù ńlá Essex nìyẹn. Harlow ló ń gba council tax, ìyẹn owó orí ilé, lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n Essex ló ń kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Torí náà, ẹni tí kòtò ojú títì ń bí nínú, tó wá lọ gbẹ̀san lára káńsẹ́lọ̀ àgbègbè, ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ló ń sìn lówó. Ìjọba ti kéde ní oṣù Kejìlá 2024 pé àwọn fẹ́ pa irú káńsù onípele méjì báyìí pọ̀ di ẹyọ kan. Bó bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín, orúkọ káńsù ló máa yí. Bí ẹ ṣe máa forúkọ sílẹ̀ àti bí ẹ ṣe máa dìbò kò yí.

Ó wá kan ẹni tó lè dìbò. Ọmọ Nàìjíríà lè dìbò. À ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn èèyàn wa tó rò pé àfi téèyàn bá kọ́kọ́ gba pásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba pọ̀ jù. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí. Bẹ́ ẹ bá ti pé ọdún 18, tí ẹ ń gbé àdúgbò náà, tí físà yín sì ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ ti iṣẹ́ ìtọ́jú, ẹ̀tọ́ yín ni. Kódà ẹ lè dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè Benin kò sí nínú Commonwealth, nítorí náà Yorùbá tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Benin nìkan ló ní kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀tọ́ wà lọ́tọ̀ o, orúkọ nínú ìwé olùdìbò wà lọ́tọ̀. Ibi tí ìbò ti kọ́kọ́ ń jò nìyí. Sísan council tax kò fi orúkọ yín sínú ìwé olùdìbò. Láti ọdún 2014, baálé ilé kò lè forúkọ gbogbo ilé sílẹ̀ mọ́. Ìyàwó, ọmọ tó ti dàgbà, ìyá àgbà tó wá láti Ìbàdàn tó sì ti ní ìwé ìgbélùú, kálukú ló máa ṣe tiẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, gov.uk/register-to-vote, lẹ máa ti ṣe é. Bí nọ́ńbà National Insurance yín bá wà nítòsí, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bẹ́ ẹ bá kó kúrò níbi tí ẹ ń gbé, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun.

Ìdìbò káńsù sábà máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú rẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ máa ń parí, láago méjìlá òru. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú àti ìsinmi ìjọba kò sí nínú kíkà, ìyẹn ló ń da ọjọ́ rú mọ́ èèyàn lójú nígbà Àjíǹde. Ní 2024, tí ìdìbò jẹ́ ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ni ilẹ̀kùn tì. Ẹni tó fẹ́ dìbò látilé nípasẹ̀ póòsì ní títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ 17. Ẹni tó fẹ́ yan aṣojú tó máa bá òun dìbò ní títí di ọjọ́ 24.

Láti oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ oníàwòrán ní ibùdó ìdìbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìdìbò àkọ́kọ́ yẹn, nǹkan bí 14,000 èèyàn ló dé ibùdó tí wọn kò rí ìbò dì nítorí rẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀: wọ́n ń gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìyẹn aláwọ̀ ewé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín. Bí ọjọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti kọjá, wọ́n á gbà á, bí ojú tó wà nínú àwòrán bá ṣì jọ ojú yín. Wọ́n ń gba láìsẹ́ǹsì ìwakọ̀ ìlú Ọba àti páàsì bọ́ọ̀sì àwọn àgbàlagbà. Káàdì akẹ́kọ̀ọ́, wọn kì í gbà á. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lórí fóònù, wọn kì í gbà á, ojúlówó ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹni tí kò ní ìkankan lè gba Voter Authority Certificate, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún olùdìbò, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ṣáájú ìdìbò, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n ń kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀.

Orúkọ ni ìṣòro tiwa. Bí ẹ bá fi orúkọ ọkọ forúkọ sílẹ̀, tí pásípọ́ọ̀tù ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá yín, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó dání. Bó bá jẹ́ Fọlákẹ́ ló wà níbi kan, tí Fọlákẹ́mi wà níbì kejì, ọ̀gá ibùdó ló máa pinnu bóyá ẹnìkan náà ni. Ó dára kẹ́ ẹ tún un ṣe ṣáájú ju kẹ́ ẹ máa ṣàlàyé lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń wọ níkàábù, ẹ lè sọ pé kí obìnrin wo ojú yín níkọ̀kọ̀. Ètò wà fún un.

Ìbò orí póòsì ló ń jò jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú àpò rẹ̀ palẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀: ìwé ìdìbò, àpòòwé kékeré tí wọ́n kọ A sí, ìwé ìfọwọ́sí, àti àpòòwé ńlá tí wọ́n kọ B sí. Ìwé ìdìbò á wọ A, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa. A pẹ̀lú ìwé ìfọwọ́sí á wọ B. Lórí ìwé ìfọwọ́sí yẹn, ọjọ́ ìbí yín ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá kọ ọjọ́ tó wà lónìí síbẹ̀ ti ba ìbò ara rẹ̀ jẹ́. Ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ jọ èyí tẹ́ ẹ fi tọrọ ìbò póòsì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìfọwọ́sí báńkì lọ́tọ̀, ti ibi iṣẹ́ lọ́tọ̀, ẹ rántí èyí tẹ́ ẹ lò. Tọkọtaya tó jọ jókòó sídìí tábìlì kan, ẹ má kó ìwé yín pọ̀. Nọ́ńbà tó wà lára ìwé ìdìbò gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìfọwọ́sí mu. Bí ìwé ìyàwó bá bọ́ sínú àpòòwé ọkọ, tí àpòòwé kejì kò sì dé, ìbò méjèèjì lè ṣubú.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ ìdìbò ni ìbò póòsì yín gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò. Òǹtẹ̀ póòsì ọjọ́ yẹn kò tó. Bó bá ti pẹ́, ẹ mú un lọ sí ibùdó ìdìbò tó wà ní àgbègbè yín, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù kan. Láti 2024, ẹnìkan kò lè gbé ju ti ara rẹ̀ àti ti èèyàn márùn-ún mìíràn lọ. Ẹ má sọ ọ́ sínú àpótí lẹ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì káńsù, wọn kò ní kà á. Ẹ má sì gbé e fún ẹni tó wá polongo fún olùdíje, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ ìjọ yín tó. Òfin ti kà á léèwọ̀ fún un, àfi bó bá jẹ́ ẹbí yín tàbí ẹni tó ń tọ́jú yín.

Ó ku ọjọ́ ìdìbò fúnra rẹ̀. Aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́ ni. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà nígbà tí aago mẹ́wàá bá lù, á ṣì dìbò. Ẹni tó dúró síta pẹ̀lú báàjì ẹgbẹ́ òṣèlú, tó ń béèrè nọ́ńbà olùdìbò yín, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìdìbò, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ dá a lóhùn. Nínú ibùdó, orúkọ àti àdírẹ́sì, ìwé ìdánimọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fún yín ní bébà.

Ní Harlow lọ́jọ́ tá à ń sọ yìí, bébà méjì ni: ti káńsù, àti ti ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, iná àti ìwà ọ̀daràn ní Essex. Àmì X mẹ́ta ni ọ̀kan gbà, ẹyọ kan péré ni èkejì gbà. Ẹni tó bá fa mẹ́rin sórí ti káńsù, gbogbo bébà yẹn ló ṣòfò, kì í ṣe ẹyọ kẹrin nìkan. Ẹni tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó ṣòfò. Bí ọwọ́ bá ṣì, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ dá a padà fún òṣìṣẹ́, wọ́n á fún yín ní òmíràn.

Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ fún olùdíje kan ṣoṣo ní ìbò, kí èyí tó kù má bàa gbé ẹlòmíràn ga jù ú lọ. Ọgbọ́n ìdìbò nìyẹn, kò lòdì sófin. Ẹ kàn rí i pé ẹ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé bí álífábẹ́ẹ̀tì orúkọ ìdílé ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n to àwọn olùdíje. Adébáyọ̀ á wà lókè, Yusuf á wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹni tó ń kánjú kì í sì í dé ìsàlẹ̀. Ẹ kà á dópin. Ipò tí olùdíje bá gbà nínú iye ìbò náà ní ìtumọ̀: níbi tí wọ́n ti dìbò fún àga mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á sì padà sí dídìbò fún ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré jù nínú àwọn mẹ́ta tó wọlé ni sáà rẹ̀ kọ́kọ́ ń parí.

Níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò, wọ́n á kọ́kọ́ ka iye bébà kí wọ́n tó ka ẹni tí wọ́n dìbò fún. Bébà tó fún ẹgbẹ́ kan ní gbogbo ìbò mẹ́ta rọrùn. Èyí tó da ẹgbẹ́ pọ̀ ló ń gba àkókò: wọ́n á tò wọ́n lé ara wọn bíi páànù òrùlé, kí orúkọ lè wà ní ìlà kan, kí wọ́n wá ka àmì X láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Grass skirt, ìyẹn yẹ̀rì koríko, ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Bí olùdíje méjì bá wá dọ́gba ńkọ́? Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Ní South Blyth, ní Northumberland, ní 2017, olùdíje méjì ní ìbò 356 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí wọ́n fa koríko, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Olùdíje ẹgbẹ́ Liberal Democrat fa èyí tó gùn, ti Conservative fa èyí tó kúrú. Conservative wá ní àga 33 nínú 67, ẹyọ kan péré ni wọn kò fi ní ọ̀pọ̀ tí wọ́n lè fi nìkan ṣàkóso. Ìbò kan tó jò lálẹ́ ọjọ́ yẹn ì bá ti yí i padà.

Bó bá wá jẹ́ pé orúkọ yín lẹ fẹ́ rí lórí bébà yẹn ńkọ́? Níbí, òfin yí padà fún wa: físà lásán tó láti dìbò, kò tó láti díje. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ díje gbọ́dọ̀ ti ní indefinite, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ìlú Ọba láìní gbèdéke. Ó tún gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé olùdìbò àgbègbè náà, tàbí kó ti gbé ibẹ̀, tàbí kó ti fi ibẹ̀ ṣe ojúlówó ibi iṣẹ́, fún odindi oṣù 12. Ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù yẹn kan náà kò lè díje síbẹ̀. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìdọ̀tí tí káńsù náà gbà síṣẹ́, kí wọ́n yẹ ìwé iṣẹ́ wọn wò. Kò sí owó ìdúró kankan. Olùdìbò méjì láti wọ́ọ̀dù náà ló máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe mẹ́wàá mọ́. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, ní ọjọ́ iṣẹ́ 19 ṣáájú ìdìbò; ní 2024, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ni. Ẹ mú un lọ ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n bá yín wò ó, nítorí pé bí nọ́ńbà olùdìbò ẹni tó fọwọ́ sí i bá ṣì, kò sí àtúnṣe lẹ́yìn aago mẹ́rin.

Owó tẹ́ ẹ lè ná ní òdiwọ̀n: £960, pẹ̀lú pẹ́nsì mẹ́jọ lórí olùdìbò kọ̀ọ̀kan tó wà nínú wọ́ọ̀dù. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tẹ ìwé ìpolongo àti ẹni tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 35 lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìnáwó yín ránṣẹ́ sí Returning Officer, ìyẹn ọ̀gá tó ń bójú tó ìdìbò, pẹ̀lú rìsíìtì. Bẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ fi í ránṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá fìdí rẹmi, ẹ fi í ránṣẹ́. Bó jẹ́ pé kọ́bọ̀ kan ẹ kò ná, ẹ kọ òdo sí i, kẹ́ ẹ sì fi í ránṣẹ́.