Oko wo ni owó yìí ti wá?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, yálà ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham ni o, tàbí ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́ ní Houston. Ọ̀rọ̀ owó búlọ́ọ̀gì ni tòní. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dá búlọ́ọ̀gì sílẹ̀, ìyẹn ti pọ̀ nílẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé oúnjẹ ilé wa ni mò ń kọ nípa rẹ̀, pé Google ń fi ìpolówó sí i, pé tí owó náà bá ti pé 60 pọ́n-ùn, wọ́n á san án sí bánkì mi níbí, ní ìlú Ọba. Iṣẹ́ kíà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera, ni mo fi ń gbọ́ bùkátà. Owó búlọ́ọ̀gì, àwọn ọmọ ilé ìwé girama ìjọba kan n'Ìbàdàn ló ni ín: ìwé, bàtà, owó mọ́tò, owó ìdánwò fún àwọn tó wà ní SS3. Tíṣà kan tí a jọ dàgbà ló ń bá mi pín in. Ó parí.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Lọ́jọ́ kan, tíṣà yẹn pè mí, ohùn rẹ̀ ò já gaara. Ó ní, "Ìyá àgbà ọmọ kan ti kó nǹkan wa padà o." Kí ló dé? Kò dáhùn, ó kàn ya fọ́tò ránṣẹ́. Owó náà wà nínú nylon, wọ́n so ó nídìí. Bàtà dúdú tí a rà fọ́mọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì yọ bébà tí wọ́n ń kì sí i nímú láti ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́ wò.

Ó dùn mí. Mo jókòó sẹ́nu bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo bébà tó wà nímú bàtà yẹn ṣáá.

Mo ní kí tíṣà bá mi gbé fóònù fún Màmá. Wọ́n jókòó ti èlùbọ́ tí wọ́n ń tà, kọ́ńgò wà lórí itan wọn. A kíra títí, ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń kíni. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, mo dúpẹ́. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Mo ní, "Màmá, mò ń kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni."

Yéè! (Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín ná.) Ẹ ò rí i bójú Màmá ṣe yí! Wọ́n ní, "Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ní àwọn ti ń ṣiṣẹ́." Wọ́n wá gbé kọ́ńgò sílẹ̀. "Èmi wà lára àwọn ọmọ tí Awólọ́wọ̀ kó wọlé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ wa. Bàbá mi lóko kòkó, ojú wa ni wọ́n ṣe ń ká a. Owó tìrẹ yìí, oko wo ló ti wá?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò ju nǹkan bíi 457,000 lọ lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n di 811,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ka iye yẹn nínú ìwé tipẹ́. Kò sígbà kankan tí mo rò pé ọ̀kan nínú wọn máa wojú mi, tí yóò bi mí léèrè oko.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ báyìí pé, "Ìyà ń jẹ ọmọ, ìyá àgbà ń ṣe ìwádìí! Ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan, kó gbà, kó dúpẹ́." Rárá o. Ẹ má bá mi sọ ìyẹn. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń pariwo pé àwọn òbí ayé òde òní ò bi ọmọ wọn léèrè mọ́? Ọmọ tí kò níṣẹ́ gbé mọ́tò wálé, ìyá ń jó, bàbá ń wúre fún un, ẹ̀yin ń sọ pé ayé ti bàjẹ́. Màmá kan wá jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ibi tówó ti wá káwọn tó gba bàtà fọ́mọ, ẹ tún ń bú wọn? Èwo ló tẹ́ yín lọ́rùn nínú méjèèjì? Ọmọbìnrin sì lọmọ náà o! Àjèjì kan láti òkè òkun ń fowó ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tó wà ní SS3, ẹ ní kí ìyá àgbà rẹ̀ máa wò níran? Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, mi ò ní dá owó náà padà lásán, ọlọ́pàá ni mo máa gbé e lọ bá. Àìní ò gba ẹnu lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ fúnni ní nǹkan, tó wá ń bínú nítorí wọ́n bi í léèrè, ó níbi tó ń lọ.

Mo wá ṣàlàyé. Mo ní, "Màmá, ẹ mọ Aláròyé? Ìpolówó tó máa ń wà nínú rẹ̀, ta ló ń sanwó rẹ̀?" Wọ́n ní ẹni tó ń polówó ọjà ni. Mo ní ohun témi náà ń ṣe nìyẹn, pé inú fóònù ni ìwé ìròyìn tèmi wà. Ó yé wọn kíá. "Ṣé o ń san owó orí?" (Hẹ̀ẹ́!) Mo ní lọ́dọ̀ọ wa níbí, tí irú owó báyìí bá ti ju 1,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, dandan ni kéèyàn sọ fún ìjọba, mo sì ń sọ fún wọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ sétí àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tí mo kọ nípa àmàlà, wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n máa ṣẹ́ gbodo wò kí wọ́n tó rà á. Èyí tó bá tẹ̀, tí kò kán, inú rẹ̀ ò tíì gbẹ. Mo ti fi sí i.

Wọ́n gba bàtà. Látìgbà yẹn, kí owó tó lọ, sìtétímẹ́ǹtì oṣù náà ló ń kọ́kọ́ lọ. Tíṣà á tẹ̀ ẹ́ jáde, á fún àwọn òbí àti alágbàtọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹlòmíì á ní iṣẹ́ ìjọba nìyí, kí ló kàn mí? Òótọ́ ni. Òfin UBE ọdún 2004, èyí tó sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀fẹ́, ò kọjá JSS3, àwọn ọmọ tó wà lókè síyẹn, ojú wọn ń rí nǹkan. Ẹ bi ìjọba. Ẹ bi í kíkan-kíkan bí Màmá ṣe bi mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sí mi pé kí n fi fọ́tò àwọn ọmọ náà hàn, kí n lè fi hàn pé òótọ́ ni, mi ò ní ṣe é. Èmi ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ojú àwọn ọmọ ò sí lára ohun tí mo lè fi jẹ́rìí ara mi. Ìṣirò owó oṣù yìí á jáde lọ́jọ́ Sátidé, iye tó wọlé àtiye tó jáde, ẹ kà á dáadáa. Tí ohun kan ò bá yé yín níbẹ̀, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi.