Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Jaime

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi náà ni, látinú yàrá mi ní Houston níbí. Àwọn ọmọ ti sùn, ilé ti parọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí, ọmọ inú ìwé àwòrán.

Jaime Reyes lorúkọ rẹ̀. El Paso ló ń gbé, ní Texas wa yìí náà, àmọ́ ó ju máìlì 700 lọ sọ́dọ̀ mi, lẹ́nu ibodè Mexico. Bàbá rẹ̀ ń tún ọkọ̀ ṣe, ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ní àbúrò obìnrin kan, Milagro. Ọdún 2006 ni Keith Giffen, John Rogers àti Cully Hamner gbé e jáde, òun sì ni ẹni kẹta tó jẹ́ Blue Beetle, akọni oníhàámọ́ra búlúù inú ìwé àwòrán. Orúkọ yẹn ti wà láti 1939. Àgbàlagbà ni Dan Garrett àti Ted Kord tí wọ́n ti jẹ ẹ́ rí. Ọmọ iléèwé girama ni tiwa.

Ọjọ́ kan ló ń ti iléèwé bọ̀ pẹ̀lú Paco àti Brenda, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló bá rí kòkòrò búlúù kan lórí ilẹ̀ tí wọn ò kọ́lé sí. Yímíyímí ni. Ẹ rántí yímíyímí, èyí tó máa ń yí ìgbẹ́ màlúù kiri nígbà tá a wà lọ́mọdé? Òun náà ni, àmọ́ eléyìí le bí òkúta. Ó mú un relé. Ibi tó ti ń sùn lóru ni nǹkan yẹn ti jí, tó wọ̀ ọ́ lára, tó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Látìgbà náà, bí ewu bá ti yọjú, ìhámọ́ra á jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, á bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹ́ á hù, ọwọ́ á di ohun ìjà. Àwọn ará ojú ọ̀run kan tí wọ́n ń jẹ́ Reach ló ṣe é. Wọ́n á rán irú yímíyímí bẹ́ẹ̀ ṣáájú kó lọ gba ara ẹnì kan, àwọn fúnra wọn á wá dé bí ọ̀rẹ́, wọ́n á sì gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ti Jaime ti bàjẹ́ níbì kan. Ohun tí kò jẹ́ kó borí ọmọ náà nìyẹn.

Ibi tó kàn mí gan-an rèé: yímíyímí yẹn ń sọ̀rọ̀. Nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́, àmì ni wọ́n yà síbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, àmì tí kò jọ lẹ́tà ẹnikẹ́ni. Jaime ń gbọ́ ohùn, kò gbọ́ èdè. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Kò ra ìwé, kò gba olùkọ́. Wọ́n ṣáà jọ ń gbé ara kan ni, wọ́n jọ ń bẹ̀rù, wọ́n jọ ń jà, títí tó fi mọ̀ pé Khaji Da lorúkọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi Àkànní, ọmọ ọdún 13, ló yá ìwé náà ní láìbìrì. Mo ń rẹ́ ilá ní kíṣìnì nígbà tó gbé e wá, ó fi ìka lé àwọn àmì yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, àmọ́ ohun tó wí ni pé: “Mọ́mì, bí mo ṣe máa ń gbọ́ Màmá Ìbàdàn nìyí.”

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, wọ́n pè mí níléèwé rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ jù, èdè méjì ló ń dà á láàmú, kí n mú Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí nígbà náà, mi ò ní ẹni tí mo lè bi. Mo gbé Yorùbá kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni já ọmọ lẹ́nu ọmú. Èdè méjì kì í dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu ọmọ. Àwọn tó mọṣẹ́ náà dunjú ti sọ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilá yẹn ni mo wá nọ́ńbà 26 ìwé Jaime kiri, èyí tó jáde ní 2008. Jai Nitz ló kọ ọ́, èdè Sípáníìṣì ló sì fi kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, èdè ilé Jaime. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn ìwé, kó lọ ṣí i níbẹ̀. Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Àkànní jókòó sórí àga, ó ń ṣí iwájú, ó ń ṣí ẹ̀yìn, fún bíi wákàtí kan gbáko. Kò ráhùn rárá. Mo ń wò ó, mo sì ń ronú pé ọjọ́ wo la máa rí irú rẹ̀ ní Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì á wà lẹ́yìn?

Sinimá rẹ̀ tí Ángel Manuel Soto darí ní 2023 náà dùn, ìyá àgbà inú rẹ̀ wù mí púpọ̀. Àmọ́ wọ́n gbé Jaime kúrò ní El Paso lọ sí ìlú àfinúrò kan, wọ́n sì ti jẹ́ kó jáde yunifásítì. Èmi fẹ́ ọmọ kékeré ẹnu ibodè yẹn, tí kò fi nǹkan tó dé bá a yìí pa mọ́ fáwọn òbí rẹ̀.

Mi ò kọ́ Àkànní ní ẹ̀kọ́ kankan. Mo kàn dá Yorùbá padà sínú ilé ni: nínú ọkọ̀, nídìí àwo, nígbà tí inú bá ń bí mi. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, mo ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gbé e sí sípíkà. Wọ́n ń ṣàròyé pé òjò pa gbogbo aṣọ táwọn sá. Àkànní ń kọjá lọ sí yàrá rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá, ṣé aṣọ yẹn ti gbẹ́?”

Ohùn rẹ̀ gòkè níbi tó yẹ kó sinmi. Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

“Kò tíì gbẹ o, Àkànní,” wọ́n ní. “Òjò ò tíì dá.”