Ẹ jẹ́ kí igi gbẹ kí ẹ tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ní Yábàá. Mo ti gé e kúrú díẹ̀.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe ara ẹ̀gbà ọwọ́ onígi lọ́ṣọ̀ọ́: fínfín, sísun, àwọ̀ àti idẹ. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n omi inú igi la máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti ń bàjẹ́.

Àìmọye ọdún ni wọ́n fi wọ́ gẹdú gba orí ọ̀sà wá sí Oko Bàbá, ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Ẹ̀bútté-Mẹ́tta. Igi tó sùn sómi, tí wọ́n là lánàá, lẹ gbé sórí ẹ̀rọ tó ń yí igi bí a ṣe ń fi irin gbẹ́ ẹ lónìí! Tí omi inú igi bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Kì í sì í súnkì bákan náà níbi gbogbo: ní ọ̀nà tó tẹ̀ lé òbìrí inú igi, ó máa ń tó ìlọ́po méjì ti ọ̀nà tó ti àárín igi jáde síta. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbà roboto fi ń rí gbọọrọ bí ẹyin. Wáyà idẹ tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀ á ta jáde, torí idẹ kì í bá igi súnkì.

Ẹ kọ́kọ́ yí i nípọn. Ẹ̀gbà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 80, ẹ fi nǹkan bíi mílímítà 8 sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là yíyọ́ kun ibi tí ayùn gé kọjá, kó má baà là. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá wálẹ̀ mọ́, ẹ dá a padà sórí ẹ̀rọ.

Àwọn kan ń sọ kiri pé fáníìṣì á di omi pa. Irọ́ ni! Fáníìṣì kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Igi tútù lábẹ́ fáníìṣì, igi tútù náà ni.

Ó wá kan fínfín. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, agbẹ́gilére Èkìtì nì, gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n pàtẹ ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Ẹ̀yìn àwọn ère náà ò ṣófo, ìlà wínníwínní ló kún ibẹ̀. Ọbẹ ló yẹ kó ṣáájú, kí àwọ̀ tẹ̀ lé e.

Ibí ni ìyá kan ti nawọ́. Wọ́n ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi tó ń yí ìrókò ń wúkọ́, ara ń yún un. Ṣé ẹni tó máa wọ ẹ̀gbà náà ò ní máa họra?”

Mo pa ìwé mi dé. Ìyá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó sì fi ìrókò sílẹ̀ ná. Eruku ìrókò máa ń fa ara yíyún àti ikọ́ fée. Áńkáṣífù ò tó láti fi bo imú. Ìbòmú tó ń di eruku kíkúnná ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Igi tó bá ti yún ẹni tó ń yí i, ẹ má fi ṣe yẹtí tàbí òrùka fún oníbàárà. Ara ènìyàn ló ń gbé, òógùn sì ń kàn án. Ọ̀rọ̀ yìí ló gba ìyókù àkókò wa, kò sì dùn mí.

Ní kíákíá: osùn ò yòrò dáadáa nínú omi, sípíríìtì ló ń fa pupa rẹ̀ jáde. Ìṣó tó dípẹtà, tí a rẹ sínú fínígà, ń sọ igi di dúdú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi omi ìṣó yìí kun igi, ẹ kọ́kọ́ fi tíì dúdú kíki kùn ún. Bí ẹ bá fẹ́ fi irin gbígbóná sun ìlà, ẹ sun ún ṣáájú fáníìṣì, kí ẹ má baà fa èéfín rẹ̀ símú.

Òṣùwọ̀n wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá mú ẹ̀gbà wá, kó bọ́ síwájú ká wọ̀n ọ́n.