Bí Ẹ Ṣe Máa Tẹ̀lé Oníṣẹ́ Masáàjì Lọ Sọ́dọ̀ Aláìsàn Tó Wà Nínú Ìtọ́jú Adínrora

Ẹ kú dédé ìwòyí. Ẹ ti gba àyè láti tẹ̀lé oníṣẹ́ masáàjì tó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ìtọ́jú adínrora (ìtọ́jú tó ń mú ara tu ẹni tí àìsàn rẹ̀ le) ṣiṣẹ́, ilé màmá kan tí jẹjẹrẹ ń bá jà ní Mushin lẹ sì ń lọ. Masáàjì yìí kì í wo jẹjẹrẹ sàn, kì í sì í rọ́pò mọfíìnì, oògùn ìrora tó lágbára. Dókítà Cicely Saunders, tó dá St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú àwọn tó ń sún mọ́ òpin ayé, sílẹ̀ ní London ní 1967, ló kọ́ wa pé ìrora ẹni tó ń sún mọ́ òpin kì í ṣe ti ara nìkan. Ìbẹ̀rù àti ìdánìkanwà wà níbẹ̀. Apá yẹn ni ọwọ́ ń ràn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tiyín lónìí, wíwò ni.

Kí ẹ tó jáde, ẹ gé èékánná, ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ má fín lọ́fínńdà rárá, torí òórùn díẹ̀ lè mú kí èébì máa gbé ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ. Ẹ tètè kúrò nílé nítorí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìkòròdú Road. Tí ẹ bá ti dánfó bọ́ọ́lẹ̀, tí ẹ dé ilé náà, ọṣẹ àti omi ló kàn, títí dé ọrùn ọwọ́.

Oníṣẹ́ kò ní kọ́kọ́ ṣí òróró. Yóò kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè: ṣé jẹjẹrẹ ti dé egungun? Ṣé ẹsẹ̀ kan wú ju èkejì lọ? Ẹ fetí sí ìdáhùn yẹn dáadáa. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Bí a bá fọwọ́ ra á, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Egungun tí jẹjẹrẹ ti jẹ lè kán lábẹ́ ọwọ́ líle. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹbí á ti fi àbòníkí àti aṣọ omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn màmá kí a tó dé, torí wọ́n gbà pé ọwọ́ líle ló ń lé ìrora. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má bá wọn wí. Oníṣẹ́ yóò fọwọ́ ra ọwọ́ ọmọ màmá fúnra rẹ̀, kó lè mọ ìwọ̀n rẹ̀: bí ìgbà tí a ń pa ìpara sójú ọmọ tuntun.

Ṣíbí tíì kan òróró àgbọn, ìyẹn 5 ml, pẹ̀lú ẹ̀kán kan péré òróró olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní lavender. Màmá ni yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá yíjú, òróró lásán la ó lò. Bí wọ́n bá ń fún un ní oxygen, òróró kò gbọdọ̀ dé ojú rẹ̀, torí iná.

Ìrọ̀rí kékeré á gbé apá rẹ̀. Oníṣẹ́ á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ọwọ́ màmá mú láì mira, fún bí èémí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, díẹ̀díẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 5 sí 10 fún ọwọ́ kan. Ojú màmá ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ọwọ́ oníṣẹ́. Bí mímí bá yára, bí iwájú orí bá ká, bí ìka bá dì, ó tó, kí oníṣẹ́ dáwọ́ dúró.

Ọ̀pọ̀ ẹbí kò tíì sọ orúkọ àìsàn náà fún aláìsàn, ẹ má dárúkọ rẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ṣé ó tẹ́ yín lára?” ti tó. Bó bá ní, “Ọmọ mi, ṣé mo máa yè é?”, ẹ má ṣèlérí, ẹ má sì sá. Ẹ jókòó, oníṣẹ́ ni yóò dá a lóhùn, yóò sì sọ fún nọ́ọ̀sì.

Kí ẹ tó dìde, bí òróró bá kán sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ bá a nù ún gbẹ, torí òróró lórí táìsì máa ń gbéni ṣubú. Ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó pọ́n, tí oníṣẹ́ fìka tẹ̀ ẹ́, tí kò funfun, egbò ìdùbúlẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀: ẹ pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.