Ilé Ọlọ Tó Ń Yí Lòdì sí Afẹ́fẹ́

ÀBÚRÒ: Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa o, ẹ̀yin ará wa nílùú òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo fíìmù *Foreign Correspondent* tí ẹ ní kí n wò. Àyà mi já! Apani yẹn, lórí àtẹ̀gùn ní Amsterdam, ó ṣe bíi oníyàwòrán, ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń sá lọ nínú òjò, agbòjò àwọn èrò tó ń mì la fi mọ ibi tó gbà.

Ẹ̀GBỌ́N: Hitchcock tó darí fíìmù náà nìyẹn! Àmọ́ ibi ilé ọlọ ni tèmi. Johnny Jones, oníròyìn ará Amẹ́ríkà, ń lé apani yẹn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọkọ̀ wọn bá pòórá lójú ọ̀nà tó tẹ́ rẹrẹ. Kò sí igbó tí wọ́n lè sá sí, àfi àwọn ilé ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Ló bá rí i pé ọ̀kan ń yí lòdì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

ÀBÚRÒ: Àmì ni wọ́n fi ń ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú!

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wọlé, kóòtù rẹ̀ há sínú eyín ọlọ, àwọn ọ̀tá sì wà nítòsí. Ó rọra bọ́ ọ sílẹ̀, kò mí kanlẹ̀.

ÀBÚRÒ: Bàbá àgbà tí wọ́n jí gbé ńkọ́, Van Meer?

Ẹ̀GBỌ́N: Áà, Albert Bassermann ló ṣe é! Èèkàn ni lágbo tíátà Jámánì. Júù ni ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n bá fi ìlú sílẹ̀ nígbà Hitler. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 70 nígbà tó ṣe fíìmù yìí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún létí ló ṣe há a sórí.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò rí nǹkan! Nínú fíìmù, àdéhùn ìkọ̀kọ̀ ni Van Meer há sórí. Wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù kó má baà sùn, kó lè jẹ́wọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n yan Bassermann mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Oscar, ó sì tọ́ sí i. Wo ojú bàbá yẹn dáadáa, ẹni tó ti sá fún irú àwọn ọ̀tá yẹn rí ni.

ÀBÚRÒ: Ìparí rẹ̀ ló pa mí lẹ́kún: Jones ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀n, bọ́ǹbù ń rọ̀, iná kú, kò dákẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Oṣù kẹjọ 1940 ni fíìmù náà jáde. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, bọ́ǹbù Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé Lọ́ńdọ̀n lórí lójoojúmọ́ lóòótọ́.