Ọmọ Tó Ń Pe “Ulé”, Ìwé Tó Kọ “Ilé”

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ gbìyànjú èyí wò ní kíláàsì yín. Ọmọ kan dìde, ó ka ojú ìwé kan láìkọsẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹ wá fọwọ́ bo àwòrán inú ìwé náà, kí ẹ nàka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín rẹ̀. Bí ọmọ náà bá gbójú sókè tó ń wo àjà, kò kàwé o. Orin ló ń kọ.

Àwa ò kúkú yé jà lórí èdè tí a óò fi kọ́ ọ ní orin náà. Àkúrẹ́ níbí ni Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti ṣèpàdé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, kí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, tó kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní èdè abínibí wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ọmọ máa fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Èmi ò gbà. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún 2022, ibo ló ti máa bá WAEC pàdé lọ́dún 2025?

Ẹ rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn là ń fò dá tí a bá ń ròyìn Ifẹ̀.

Ìdí tí Yorùbá fi rọrùn láti kà kò jìnnà. Lẹ́tà 25 la ní, ìró kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ọmọ tó bá ti mọ b, t àti a ti mú ìdí bàbá, bàtà àti abà. Lẹ́tà 26 ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ìró rẹ̀ sì lé ní 40: ẹ pe “come”, kí ẹ pe “home”, kí ẹ wò ó. Ìgbìmọ̀ tó yẹ ìwádìí ìwé kíkà wò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 sọ pé kíkọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà létòlétò ń ṣiṣẹ́. Inú Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀. Mélòó mélòó wá ni Yorùbá! (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì ohùn sílẹ̀ di kíláàsì kẹfà, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun èmi nìyí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tíṣà, ọmọ kan kọ “ulé” àti “uṣu” (ilé àti iṣu) sínú ìwé rẹ̀. Mo fi báírò pupa fa igi lé méjèèjì. Yorùbá inú ìwé kò ní ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń pè é nílé ní ẹ̀ka èdè wa, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tèmi náà ń pè é! Ọmọ yẹn gbọ́ ìró, ó wá lẹ́tà tó bá a mu, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo kíláàsì náà, bóyá òun nìkan ló mọ ohun tí à ń pè ní ìwé kíkọ lọ́jọ́ náà. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n kọ “ulé” àti “ilé” sójú pátákó, kí n ní, “Báyìí la ṣe ń pè é, báyìí nìwé ṣe ń kọ ọ́.” Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Oǹdó, tiyín tún le: ìró gh tẹ́ ẹ ní kò sí nínú lẹ́tà 25 náà rárá.

Nígbà tí a ń bi ara wa ní ìbéèrè, màmá kan nàwọ́ pé ọmọ 60 ló wà níwájú òun, kí ni kí òun ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Mo ní kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n kọ́kọ́ fi etí ṣeré: ta lorúkọ rẹ̀ fi b bẹ̀rẹ̀? Màmá náà rẹ́rìn-ín. “Bọ́lá, Bísí, Bùnmi, Bíọ́dún,” wọ́n ń ka ìka, “àfi Bọ́lá kejì tí kì í jókòó.”