Ṣokoléètì Tí Kádẹ́ẹ̀tì White Kò Jẹ Tán

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Fíìmù ọdún 1927 ni mo gbé wá lónìí, Wings lorúkọ rẹ̀. Kò ní ohùn ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ, kíkà lẹ ó kà á.

Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà síbi tó wọ̀ mí lára jù. Jack àti David, ọ̀dọ́kùnrin méjì tí ìtàn náà dá lé, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àgọ́ tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bàálù jagun. Wọ́n pàdé ọmọkùnrin gíga kan níbẹ̀, Kádẹ́ẹ̀tì White, ọmọ ogun tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó gé ṣokoléètì jẹ, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ońdè wá délẹ̀. White ní bí ọjọ́ ẹni bá pé, ońdè ò ràn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ wa bàálù. Òjìji bàálù la rí lórí ilẹ̀, àfi bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Jack àti David yíjú padà: ààbọ̀ ṣokoléètì náà ṣì wà níbẹ̀.

Gary Cooper ló ṣe White. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló lò, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn èèyàn.

William Wellman tó darí fíìmù náà ti fi bàálù jagun ní Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí kò fi pariwo ikú White. Irú ikú bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n tó fojú kan ọ̀tá rárá.

Nítòsí San Antonio ní Texas ni wọ́n ti ya fíìmù náà, àwọn ológun Amẹ́ríkà sì fún wọn ní bàálù àti ọmọ ogun. Richard Arlen, tó ṣe David, ti kọ́ iṣẹ́ bàálù ní Kánádà nígbà ogun. Buddy Rogers, tó ṣe Jack, nítorí fíìmù yìí ló ṣe kọ́ ọ. Wọ́n de kámẹ́rà mọ́ iwájú rẹ̀ lókè níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tàn án, tó tún ń ṣeré. Atẹ́gùn tó ń gbá a lójú yẹn, atẹ́gùn gidi ni.

Fíìmù yìí ló gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ́dún 1929, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pín ohun tí a mọ̀ sí Oscar lónìí. Ṣùgbọ́n wọ́n jìyà rẹ̀ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, bàálù á dà bí ohun tó dúró sójú kan. Ìkùukùu tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹ́ kójú mọ̀ pé ó ń sáré. Wellman ní òun ò ní ya ìjà òfuurufú láìsí ìkùukùu. Owó ń lọ, inú àwọn ọ̀gá Paramount, ilé-iṣẹ́ tó ni fíìmù náà, ò dùn, ó jókòó ó ń wòkè. Ìgbà tí ìkùukùu yọ ni wọ́n tó gbéra.